Ìbò Dídì àti Ojúṣe Onígbàgbọ́

Ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ "ìbò" kì í ṣe àjèjì ní èdè wa. Kí a tó mọ ohun tí ń jẹ́ àpótí ìdìbò ni àwọn babaláwo ti ń lo ìbò: wọn a fi owó ẹyọ àti egungun lé ẹni tí ó wá dá Ifá lọ́wọ́, ọ̀kan a dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, èkejì a dúró fún bẹ́ẹ̀ kọ́, Ifá ni yóò sì mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn atúmọ̀ lò ní orí kìn-ín-ní Ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ń wá ẹni tí yóò bọ́ sí ipò Júdásì, tí ìbò sì mú Màtíásì. Nínú ìbò méjèèjì yìí, ènìyàn fà sẹ́yìn, ó sì fi yíyàn sílẹ̀ fún agbára tí ó ga ju tirẹ̀ lọ.

Ìbò tí à ń dì láti yan olórí ìlú lóde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Olùdìbò fúnra rẹ̀ ni ó ń yàn. Òun ni yóò sì dáhùn fún ohun tí ó yàn. Ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ ni kò tíì fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Wọ́n ń ṣe sí ìbò òde òní bí ẹni pé ìbò àtijọ́ ni: wọn a gbàdúrà, wọn a jókòó sílé, wọn a sì máa retí pé kí Ọlọ́run bá wọn yan olórí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìbò dídì jẹ́ ojúṣe Onígbàgbọ́, àti pé ẹni tí ó bá gbàdúrà fún ìlú rẹ̀ láìdìbò ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀ láìṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn baba wa ti ń yan olórí. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ni ń yan Aláàfin láti inú àwọn ọmọ oyè. Àwọn ìlú mìíràn náà ní afọbajẹ tiwọn. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ afọbajẹ. Bí wọ́n bá yan ẹni rere, ìlú a tòrò. Bí wọ́n bá gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ìkà jọba, gbogbo ìlú ni yóò jẹ ìyà rẹ̀, àwọn ọmọ afọbajẹ pàápàá kò sì ní yọ sílẹ̀. Ta ni yóò yin afọbajẹ tí ó sùn sílé ní ọjọ́ tí a ń yan ọba? Lónìí, ìdìbò ti sọ gbogbo wa di afọbajẹ. Òfin Nàìjíríà fi lélẹ̀ pé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò. Ìbò ọlọ́rọ̀ kò wúwo ju ìbò alágbàṣe lọ. Ìbò ọ̀mọ̀wé kò sì ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀tọ́ yìí kò ṣàdédé bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ní ọdún 1923, nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin ní Nàìjíríà, ìlú Èkó àti Kàlábà nìkan ni ó ní àǹfààní náà: Èkó yan ènìyàn mẹ́ta, Kàlábà yan ẹnì kan. Obìnrin kankan kò gbọdọ̀ dìbò. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún kò bá sì tó £100 kò gbọdọ̀ dé ìdí àpótí. Ẹ ro iye àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí òfin yẹn tì sẹ́yìn! Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀nà ń ṣí. Nígbà tí ó fi di ìdìbò ọdún 1959, tọkùnrin tobìnrin ni ó dìbò ní Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Àríwá kò tíì ní àǹfààní láti dìbò nígbà náà.

Àwọn tí a tọ́ nínú ìjọ Ọlọ́run wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà náà. Herbert Macaulay, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ ti Èkó ní ọdún kan náà, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, aya àlùfáà, kó àwọn obìnrin ọjà jọ láti kọ owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn láìjẹ́ pé wọ́n ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Láàárín ọdún 1947 sí 1949 ni ọ̀ràn náà gbóná jù lọ. Ní ìgbẹ̀yìn, a mú owó orí náà kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin, wọ́n sì rí àyè nínú ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Ohun tí àwọn wọ̀nyí fi òógùn wá kò yẹ kí àwa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Síbẹ̀, oríṣiríṣi ni àwíjàre tí àwọn Onígbàgbọ́ fi ń yẹra fún ìbò. Ó tọ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan a sọ pé, "Ọ̀run ni ìlú wa; kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn ìjọba ayé?" Òótọ́ ni pé Pọ́ọ̀lù kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ sí ìjọ Fílípì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù kan náà ṣe ní ìlú Fílípì kan náà. Wọ́n nà án ní gbangba, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí ó máa lọ ní ìdákẹ́jẹ́, Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní ọmọ ìlú Róòmù ni òun, kí àwọn tí ó na òun wá fúnra wọn láti mú òun jáde. Ní Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ tán láti nà án, ó bi balógun ọ̀rún léèrè bóyá òfin gbà kí a na ọmọ Róòmù tí a kò tíì dá lẹ́bi. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó mọ̀ jù lọ pé ọ̀run ni ìlú òun kò sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ayé nù. Bákan náà ni wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn Júù tí a kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà, nítorí inú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Bí ẹrú bá ní láti wá àlàáfíà ìlú onílùú, mélòó-mélòó ni ọmọ onílẹ̀ ní ilẹ̀ baba rẹ̀!

Àwọn mìíràn a wí pé Ọlọ́run ni ń fi olórí jẹ, nítorí náà kò sí ohun tí ìbò ènìyàn lè fi kún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ka orí kìn-ín-ní Ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì, ṣùgbọ́n kò kà á dé orí kẹfà. Ní orí kẹfà yìí, ìkùnsínú bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ, nítorí pé a ń fojú fo àwọn opó kan dá nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpósítélì kò wí pé kí a ṣẹ́ kèké mọ́. Wọ́n sọ fún ìjọ pé kí wọ́n wo àárín ara wọn, kí wọ́n yan ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn sí rere, tí ó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n, kí a lè fi wọ́n ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀ràn oúnjẹ ni ó fa yíyàn yìí. Bí a ti ṣe ń pín ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí a má bàa yan ẹni tí kò ní alágbàwí jẹ, ni iṣẹ́ ìjọba títí di òní. Ìjọ àkọ́kọ́ gbàdúrà. Wọ́n sì yan ènìyàn pẹ̀lú. Wọn kò fi ọ̀kan dípò èkejì.

Àwíjàre kẹta ni pé òṣèlú dọ̀tí, ọwọ́ mímọ́ kò sì gbọdọ̀ kàn án. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, Jótámù, ọmọ Gídíónì, pa òwe kan fún àwọn ará Ṣékémù. Ó ní àwọn igi jáde lọ láti fi ọba jẹ. Wọ́n lọ bá igi ólífì, ó ní òun kò lè fi òróró òun sílẹ̀. Wọ́n lọ bá igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ní adùn èso òun tó òun. Wọ́n lọ bá àjàrà, òun náà kọ̀. Níkẹyìn wọ́n lọ bá igi ẹ̀gún, òun sì gbà kíákíá. Igi ẹ̀gún kò ní òjìji tí ènìyàn lè sá sí, iná ni ó sì ti inú rẹ̀ jáde. Bí àwọn igi eléso bá ti fà sẹ́yìn, ta ni yóò jọba bí kò ṣe ẹ̀gún? Ìdọ̀tí kì í tìtorí pé a sá fún un kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ó mú ìgbálẹ̀ ni ó ń gbá a.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan gbogbo ẹni tí ń ka Bíbélì ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1784, àwọn onílẹ̀ ní ẹkùn Yorkshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Wilberforce lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ọkàn rẹ̀ yí padà sí Ọlọ́run gidigidi, ó sì rò ó bóyá kí òun fi òṣèlú sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún 1789, ó dìde nínú ìgbìmọ̀ láti sọ̀rọ̀ tako òwò ẹrú. Kì í ṣe òun nìkan ni ó jà: Olaudah Equiano, ọmọ Áfíríkà tí ó ti ṣe ẹrú rí, gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 1789 kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní ọdún 1791, aṣòfin 163 dìbò tako àbá Wilberforce, 88 péré ni ó gbè é. Kò sinmi. Ní ọdún 1807, ìbò 283 gbe àbá pé kí a fòpin sí òwò náà, 16 ni ó takò ó, ó sì di òfin.

Òfin yìí ni ó mú kí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ṣọ́ etíkun wa láti gba àwọn ẹrú sílẹ̀. Ní ọdún 1821, a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà lójú omi, a sì gbé Àjàyí lọ sí Sàró ní òmìnira. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Àwọn tí ó yan Wilberforce ní Yorkshire kò mọ Òṣogùn, wọn kò sì gbọ́ orúkọ Àjàyí rí. Ṣùgbọ́n yíyàn tí wọ́n ṣe wà lára ohun tí ó já ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìṣèlú kò kan ìhìnrere, kí ó ro èyí dáadáa.

Àwíjàre kẹrin ni ó wọ́pọ̀ jù: "Ìbò tèmi nìkan, kí ni ó lè ṣe?" Ẹ jẹ́ kí ìṣirò dáhùn. Ní ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà ní ọdún 2023, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò lé ní 93 mílíọ̀nù. Ìbò tí a dì kò tó 25 mílíọ̀nù. Ìbò ẹni tí ó borí kò sì tó 9 mílíọ̀nù. Àwọn tí kò dìbò ju 68 mílíọ̀nù lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀lẹ: òmíràn ń ṣàìsàn, òmíràn ti kó kúrò ní àdúgbò rẹ̀, òmíràn kò rí káàdì rẹ̀ gbà, ẹ̀rù sì ba àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí àní-àní pé ọ̀kẹ́ àìmọye nínú wọn ni ó sọ pé ìbò ti àwọn nìkan kò lè ṣe nǹkan kan. Bí òjò bá ní ẹ̀kán òun kéré, ta ni yóò rí omi mu?

A kò gbọdọ̀ sẹ́ pé a ti já olùdìbò kulẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí. Màgòmágó ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965 dá ìjà sílẹ̀, a sun ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọdún 1993, ìjọba ológun wọ́gi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, èyí tí àwọn ènìyàn ti fi sùúrù àti ìrètí dì. Ọ̀ràn ìbànújẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí olè bá wa iṣu lóko, àgbẹ̀ kì í tìtorí rẹ̀ kọ oko sílẹ̀. Ṣe ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ìwé ìdìbò tí olóhun kò wá lò ni ó rọrùn jù fún olè láti tẹ̀ka sí. Níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, tí wọ́n dìbò tán, tí wọ́n dúró pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ títí a fi ka ìbò, tí a sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri, iṣẹ́ olè a le níbẹ̀.

Bí a bá wá ti gbà pé ó yẹ kí a dìbò, báwo ni ó ṣe yẹ kí Onígbàgbọ́ dì í? Èkíní, kò gbọdọ̀ ta ìbò rẹ̀. Ní àwọn ìdìbò gómìnà tí a ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ kan gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn: "Dìbò kí o sebẹ̀." Ẹni tí ebi ń pa ni a fi ọ̀rọ̀ náà dẹ, àánú rẹ̀ sì yẹ kí ó ṣe wá, àmọ́ ọbẹ̀ ọjọ́ kan ni owó náà lè sè, ọdún mẹ́rin ni a ó sì fi san án. Ẹni tí ó ra ìbò ti san owó ọjà rẹ̀. Kí ni ó tún jẹ ẹni tí ó tà á? Ísọ̀ fi ogún ìbí rẹ̀ tọrẹ nítorí àwo ọbẹ̀ kan. Nígbà tí ó wá fẹ́ gba ìbùkún, omijé rẹ̀ kò lè dá a padà.

Èkejì, kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹ̀sìn nìkan díwọ̀n olùdíje. Jẹ́tírò, àna Mósè, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yan àwọn tí ó mọṣẹ́, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ó jẹ́ olóòótọ́, tí ó sì kórìíra ojúkòkòrò. Ìwà ni ó ka sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń jẹun nínú àwo kan náà lábẹ́ òrùlé kan. Ìjọba rere ni yóò ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní, ìjọba búburú kò sì ní béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni ènìyàn ń lọ kí ó tó fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe àlùfáà tàbí olówó, fi ipá yan ẹni fún un. Ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń tẹ̀ka, kí ẹ̀rí ọkàn lè sọ̀rọ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ rẹ̀ kò parí ní ọjọ́ ìdìbò. Ó ní láti máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó yàn pé nọ́ọ̀sì dà ní ilé ìwòsàn, omi dà, ọ̀nà dà. Ọmọ ìjọ tí ó fi owó ra oògùn fún aláìsàn kan ti ṣe dáadáa. Ẹni tí ó dìbò yan ìjọba tí yóò kó oògùn sí ilé ìwòsàn ti ro ti ẹni tí kò mọ̀ rí pẹ̀lú. Ìfẹ́ ọmọnìkejì ni méjèèjì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, púpọ̀ nínú yín kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò jìnnà. Láti ìsinsìnyí ni ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń yan olórí kíláàsì, tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ yín, ẹ má ṣe yan ẹni tí ó fún yín ní bisikíìtì. Ẹ yan ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ máa ka ìwé ìròyìn, kí ẹ mọ orúkọ àwọn tí ń ṣojú àdúgbò yín àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí ẹ bá sì dàgbà tó, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ gba káàdì yín, kí ẹ kúnlẹ̀ gbàdúrà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò, kí ẹ sì dìde lẹ́yìn àmín, kí ẹ lọ tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò yín.